Ìtọ́kọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Dì Mú

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ fojú kan òkun. Èmi ọmọ Ìlódè, tí odò tí mo mọ̀ kò ju èyí tí ènìyàn lè ká ṣòkòtò sọdá lọ, mo dúró ní èbúté l'Ékòó, mo la ẹnu sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ló mú mi débẹ̀. Òun ni ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó sìmẹ́ǹtì lọ sí Kàlàbá, ó sì ti bá mi wá iṣẹ́ nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti mọ mọ́tò wà, kí ló kù? Mo tilẹ̀ béèrè ibi tí bíréèkì wà. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Òun ló kọ́ mi ní ohun tó ń jẹ́ ìtọ́kọ̀, pátákó irin ńlá tó wà lábẹ́ omi ní ìdí ọkọ̀, tó ń darí rẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì. Ọ̀pá irin kan tó nípọn ló so ó mọ́ inú ọkọ̀. Inú bíárìn ni ọ̀pá yìí ti ń yí, bíárìn ló gbé e ró tí kì í fi í mì. Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní síìlì sì yí i ká, kí omi òkun má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

"Bíárìn ni eegun, síìlì ni awọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Bí eegun bá ti ń mì, awọ ò ní pẹ́ ya."

Nígbà tó yá, eegun náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bíárìn ti jẹ, kò gbé ọ̀pá ró dáadáa mọ́. Bí a bá ti fẹ́ yà báyìí, a ó máa gbọ́ gbọ̀ngbọ̀n ní ìdí ọkọ̀, omi sì ń kán wọ yàrá tí ọ̀pá náà wà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá ọkùnrin tó ni ọkọ̀ pé kí wọ́n gbé e gun ilẹ̀, kí a pààrọ̀ bíárìn náà. Ó ní, "Alàgbà, kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò." Ọkùnrin náà ní kí a ṣáà gbé ẹrù tó wà nílẹ̀ yìí dé ná. Mo ní kí àwa méjèèjì má lọ. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí, ó ní òun ò lè fi ọkọ̀ tí òun mọ àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán gangan ni ìjì bá wa lójú òkun. Síìlì ya, ọ̀pá há, ọkọ̀ sì kọ ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì. A sáré wọ yàrá náà. Ẹ̀gbọ́n mi fi àkísà tí a rẹ sínú gíríìsì dí ojú ibi tí omi ń gbà, ó ní kí n máa gbọ́n omi, òun wá fi irin gígùn kan ti ọ̀pá náà kó lè yí. Ó yí lóòótọ́. Àfi bí ìgbì ńlá kan ṣe gbá ìtọ́kọ̀ nísàlẹ̀, tí irin ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ta padà, tó sì gbá a láyà. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi.

"Àbúrò, ṣé ó ti gbọ́ràn?"

"Ó ti gbọ́, bọ̀ọ̀dá."

Kí a tó rí ilẹ̀, ó ti dákẹ́. Gbogbo àwa yòókù gúnlẹ̀ láàyè.

A gbé e wá sílé. Àwọn àgbà ní kí ìyá wa mọ́kàn le, wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Wọn ò rí i pé màámi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi ló pè jókòó, ó ní kí n ṣàlàyé ohun tó pa ọmọ òun, mo sì ṣàlàyé rẹ̀.

"Ẹni tó ni ọkọ̀ ńkọ́, ṣé ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́?"

"Ó mọ̀, màámi."

Ó fa gèlè rẹ̀ bo ojú.

N kò padà sórí omi mọ́. Ẹ̀rọ ìlọta ni mo ń tún ṣe nílé níbí báyìí. Màámi ti darúgbó, ìgbàgbé sì ti dé sí i. Ní àwọn ọjọ́ mìíràn, ó máa ń bi mí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi máa dé. Tẹ́lẹ̀, òótọ́ ni mo máa ń sọ, ẹkún rẹ̀ yóò sì dà bí ti ọjọ́ tí a gbé òkú wálé. Nísinsin yìí, mo máa ń ní, "Ojú omi ṣì ni wọ́n wà, màámi." A sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà, ó ń retí ọmọ, èmi jókòó tì í.