Tìmùtìmù Ìyá Ìbejì

Bí ẹ bá gbé fáànù yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù Má-fòyà, kò ní tètè fọwọ́ kàn án. Á kọ́kọ́ ní kí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, á wá bi yín pé, "Báwo ló ṣe ń dún?" Bí ẹ bá ní ó kàn ń dún ṣáá ni, kò gbà. Àfi kí ẹ sín in jẹ. Àwọn àgbàlagbà tó níyì ládùúgbò ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, tí wọ́n ń fẹnu ṣe "gìrììì, gìrììì, pó!" bí ọmọdé, tí Má-fòyà á dijú, tí á máa mi orí bí ẹni ń gbọ́ wàásù. Nígbẹ̀yìn á ní, "Ẹ má fòyà." Ibẹ̀ ló ti rí orúkọ. Ó gbà pé nínú gbogbo irinṣẹ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù òun, kò sí èyí tó tó etí ẹni tó ni nǹkan. "Olóhun ló mọ ohun tó ń ṣe é," a máa wí, "èmi kàn ń bá a wá a ni."

Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu ọkùnrin! Lókè bẹ́ǹṣì náà, ó so irin bóòtù kan tí wọ́n fi ń de nǹkan, tó ti dípẹtà, kọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá bi í nípa bóòtù yẹn ló máa gbọ́ bí alùpùpù tirẹ̀ ṣe sọ ọ́ di ẹlẹ́yà ní odindi àsìkò òjò kan. Fúnra rẹ̀ ló máa rò ó, kò sì ní fi ibì kankan pamọ́, pàápàá ibi tó ti gọ̀ jù.

Alùpùpù náà ti dàgbà. Nígbà tí wọ́n rà á, àwọn ìbejì Má-fòyà ṣì ń rákòrò. Àwọn ìbejì ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ sí ìlú mìíràn, alùpùpù ṣì wà nílé. Àgbà ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó Má-fòyà, Ìyá Ìbejì, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà lórí òkè ní òdìkejì ìlú. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọkọ á tan iná iwájú Àgbà, ìyàwó á gun ẹ̀yìn, á fi ọwọ́ kan di ọkọ rẹ̀ mú, á fi èkejì di báàgì mú, wọ́n á sì máa lọ. Inú ilé ni wọ́n ti ń jẹun, àmọ́ ẹ̀yìn Àgbà ni wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ: ta ló bímọ lánàá, ta ló bímọ tí ọkọ rẹ̀ dákú, kí ni àwọn ìbejì fi ránṣẹ́, aládùúgbò wo ló tún ń fẹlá. Bí Má-fòyà bá ní ohun kan láyé tí kò lè fi tọrẹ, ìrìn àárọ̀ yẹn ni.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìbejì ní ìjókòó ẹ̀yìn ti le jù, ìdí ń ro òun. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Má-fòyà wá fóòmù, ó gba awọ lọ́wọ́ aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wọn dojú kọra, ó ṣe tìmùtìmù kan tó wú bọ̀ọ̀kìtì. Ó tú agolo àjákù rẹ̀, ó rí bóòtù méjì tí kò dọ́gba níbẹ̀, ó fi wọ́n dè é mọ́ ìjókòó. Inú rẹ̀ dùn, ó ń súfèé.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyàwó jókòó lé e, ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Ìbejì. Ó tura. Àmọ́ nǹkan kan dún kẹ́ lábẹ́ mi."

"Jókòó jẹ́ẹ́ jàre," ni ọkọ wí. "Nǹkan tuntun ni, ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àgbà bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Wọ́n á gbéra nílé, kò ní sí wàhálà. Kí wọ́n tó gun òkè tán, iná iwájú á ti máa rẹ̀ dòò, fèrè á máa ké bí ológbò tí òtútù mú, ẹ́ńjìnì á sì kú fin-ín. Ìyá Ìbejì á sọ̀ kalẹ̀, á fẹsẹ̀ rin ìyókù. Má-fòyà á yí Àgbà padà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á fò gùn ún, á jí i. Kí ó tó padà délé, iná á ti mọ́lẹ̀ kedere, fèrè á máa ké bí ẹni tó jẹun yó. Ó yé e pé bátìrì kò gba iná tí ẹ́ńjìnì ń pèsè. Ohun tí kò yé e ni pé, tó bá gbé tẹ́sítà, ẹ̀rọ tó fi ń wọn iná, tì í nílé, abẹ́rẹ́ tẹ́sítà á nà ṣánṣán: ó ń gba iná, kò sí ohun tó ṣe é!

Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó ha ojú gbogbo wáyà títí wọ́n fi ń dán. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, ó yọ kọ́ìlì tó ń pèsè iná, ó fi òmíràn síbẹ̀. Àgbà tún kú lórí òkè. Bí ọbẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Aránṣọ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó pariwo láti òdìkejì títì: "Má-fòyà! Ẹ ò ṣe ní kí Àgbà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó sín ara ẹ̀ jẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ ẹ́ lára lọ́jọ́ tí Àgbà kú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn gan-an, níwájú àwọn aboyún tó ń dúró de nọ́ọ̀sì. Ojú tì í. Ẹ sì mọ ọkùnrin tí ojú bá ń tì, ẹnu rẹ̀ kì í ní ìjánu. Ó ní, "Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ìyá! Tí mo bá dá gùn ún, koko lara ẹ̀ le. Kí nọ́ọ̀sì yín ṣáà ti gbé ìdí lé e, ó kú nìyẹn!"

Ẹ̀rín bú sáyé. Ìyá Ìbejì sì tóbi lóòótọ́, òun gan-an a máa fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹni tó ni ara ló ni yẹ̀yẹ́ ara. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Nígbà tí Má-fòyà fi máa ti Àgbà síta lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ti jáde. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, òun àti orúnkún rẹ̀ tó ti ń dùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn wá. Má-fòyà fi Àgbà lé e bá, ó ń wà á jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń da màlúù.

"Gùn ún, jọ̀ọ́."

"Kó má baà kú."

"Àwàdà ni mo ṣe o, Ìyá Ìbejì. Má bínú."

"Kí ni màá bínú sí? Òótọ́ lẹ sọ. Tí mo bá gùn ún, ó ń kú."

Ibi tó ti dùn ún jù nìyẹn, torí kò rí bó ṣe máa já a nírọ́. Láti ìgbà tí ìyàwó ti ń fẹsẹ̀ rìn, Àgbà kò kú mọ́, ìkà alùpùpù! Nílé, oúnjẹ ń bọ́ sí àkókò, ìkíni ò yẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, olówó orí mi." Bí ìyàwó yín bá ti ń pè yín ní olówó orí mi láìrẹ́rìn-ín, ẹ yáa wá nǹkan ṣe. Má-fòyà kò mọ ẹni tó bímọ mọ́. Kò mọ ẹni tó ń fẹlá. Àárò ohùn kan lẹ́yìn etí rẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni ebi ń pa, ó sì ti dàgbà jù láti máa sunkún lórí alùpùpù.

Ó wá pinnu pé òun máa fi hàn pé kì í ṣe ìdí ìyàwó òun. Ó yá àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ́wọ́ bíríkìlà, ó gbé e dùbúlẹ̀ gbọọrọ sórí ìjókòó, ó fi okùn dè é, ó gun òkè lọ. Bí Àgbà bá kú báyìí, a jẹ́ pé ẹrù ló ń pa á, kì í ṣe èèyàn. Àgbà kò kú. Ó gun òkè náà bí ọ̀dọ́. Gbogbo ẹni tó pàdé ló ń kí i kú oríire ilé tuntun. Nígbà tó padà dé, aránṣọ ti ń dúró dè é.

"Má-fòyà, àwọn ẹgbẹ́ yín ń gbé ìyàwó, ẹ̀yin ń gbé sìmẹ́ǹtì."

Má-fòyà tú okùn, ó sọ àpò náà kalẹ̀. Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì náà, ó káwọ́ lérí. Ó ti wá fi ẹ̀rí mú ọ̀rọ̀ burúkú tó sọ dúró: sìmẹ́ǹtì gùn ún, kò kú, ìyàwó rẹ̀ gùn ún, ó kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìyá Ìbejì kò lọ síbi iṣẹ́, ó tiro wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Má-fòyà rò pé ìjà ló bá wá. Kò jà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ní òdìkejì títì, ẹ̀rọ aránṣọ dákẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Oníbàárà ni mí."

"Kí... kí ló bàjẹ́?"

"Alùpùpù ọkọ mi ni. Orúnkún mi ò gbà á mọ́. Wọ́n ní ibí yìí ni wọ́n ti ń bi èèyàn léèrè ohun tó gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò bi mí nílé."

Má-fòyà gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo fáànù, gbogbo rédíò, gbogbo áyọ́ọ̀nù ìlú yìí ló ti gbọ́ ẹjọ́ wọn láti ẹnu ẹni tó ni wọ́n, Àgbà nìkan ló kù. Ó wá fa àga kékeré rẹ̀ súnmọ́ bẹ́ǹṣì náà, ó sì dijú bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló wí, "báwo ló ṣe ń dún?"

"Kẹ́."

"Tó bá ń sáré ni?"

"Rárá o. Tí mo bá ti jókòó ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kẹ́. Mo sì sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Má-fòyà dìde. Ó gbé Àgbà dúró, ó ta á, ẹ́ńjìnì dáhùn, ó fi tẹ́sítà mọ́ bátìrì. Abẹ́rẹ́ nà ṣánṣán. Ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ràn án lọ́wọ́ gun ẹ̀yìn. Kẹ́! Abẹ́rẹ́ wó lulẹ̀. "Ẹ rọra gbéra, ẹ jọ̀ọ́." Abẹ́rẹ́ dìde. "Ẹ jókòó." Ó wó. Aránṣọ ti sọdá títì láìmọ̀gbà tí ẹsẹ̀ gbé e, ó ń pariwo, "Háà! Háà!"

Wọ́n tú tìmùtìmù. Bóòtù tó gùn nínú méjèèjì, èyí tó wà ní ìpẹ̀kun lẹ́yìn, ti yọ orí sísàlẹ̀, ó dojú kọ wáyà tó ń gbé iná lọ sí bátìrì. Bí èèyàn bá jókòó síbẹ̀ báyìí, orí bóòtù á tẹ wáyà mọ́ irin, ó ti jẹ ẹ́ láwọ, gbogbo iná á sì gba ara irin sá lọ. Sìmẹ́ǹtì kò débẹ̀, àárín ló sùn sí. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Ìyá Ìbejì mú bóòtù náà, ó gbé e sókè. "Ta ló fi èyí síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, aránṣọ ò gbọ́."

"Èmi ni o!" Ẹ̀rín gbé Má-fòyà, ẹ̀rín ara rẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ ṣubú. "Bátìrì tuntun! Kọ́ìlì tuntun! Sìmẹ́ǹtì! Mo mà gọ̀ o!" Ìyá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín. Ó ju bóòtù náà sórí tábìlì, ó ń tiro lọ sílé, ọ̀rọ̀ sì kù lọ́kàn rẹ̀, Má-fòyà rí i.

Ó fi ọ̀rá wé wáyà, ó gbé e gba ibòmíràn, ó wá bóòtù kúkúrú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró ti Àgbà níta kí ìyàwó tó jáde. Ìyàwó wo Àgbà, ó wo ọ̀nà, ó wo orúnkún rẹ̀, ó sì gùn ún. Má-fòyà kò tíì fẹsẹ̀ ta á.

"Ó dún?"

"Kò dún."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Bàbá Ìbejì, kò dún, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n gun òkè pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀ rokoṣo, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn etí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, àwọn aboyún ti wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀, ó gbá báàgì mọ́ra, ó ń wọlé lọ. Má-fòyà rí i pé ibi tí òun ti da omi nù lòun gbọ́dọ̀ ti nu ilẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnì.

"Ẹ̀yin ìyá," ló pariwo, "ẹ dákun, ẹ gbọ́ o! Èmi ni mo ba alùpùpù yìí jẹ́. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi dè é. Ìyàwó mi mọ ohun tó ń ṣe é láti ọjọ́ kìíní, etí mi ló di. Ìdí rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀!"

Àwọn aboyún rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ikùn mú. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ni wọ́n ń rín. Ìyá Ìbejì ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó dúró, ó padà wá bá a, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe fún un.

"Ẹ tètè wá gbé mi nírọ̀lẹ́," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nínú mi láti ìgbà tí mo ti ń dá rìn."

Lọ́jọ́ yẹn, oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí Má-fòyà ti ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ bi í pé ibo ló ń sáré lọ. Kò tiẹ̀ gbọ́.