Ìròyìn Ọjọ́ Ajé ní Kíláàsì Kejì

Ọjọ́ tí Bàbá Fẹ́mi dé fìlà wọ ọgbà ilé ìwé wa nínú ooru ọ̀sán gangan, mo ti mọ̀ pé ẹjọ́ mi ló gbé wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Iléṣà níbí, kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi sọ fún ọ̀gá wa pé òun fẹ́ mọ tíṣà tó sọ orí òun di ìwé kíkà.

Èmi ni o. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, láti agboolé àwọn aláró, ṣùgbọ́n Iléṣà ni iṣẹ́ tíṣà gbé mi dé. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, ó di ibùdókọ̀. Kíláàsì kejì ni wọ́n fún mi, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún méje, tí ẹnu wọn mú ju abẹ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà: bó bá ti jẹ iyán yó, ta ni yóò pa á lẹ́nu mọ́?

Ohun tó ń dùn mí nígbà náà ni pé, ohun tí mo bá kọ́ wọn lọ́jọ́ Ẹtì ti máa ń fò lọ kó tó di ọjọ́ Ajé. Ni mo bá dá Ìròyìn sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, oníkálukú á dìde, á sọ nǹkan mẹ́ta: ohun tó kọ́ ní kíláàsì, ẹni tó lọ fi kọ́ nílé, àti ohun tí ẹni náà wí. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ilé onílé ni mo ń ṣí sílẹ̀ gbayawu.

A kọ́ nípa ìtọ́jú eyín. Tọ́pẹ́ dìde lọ́jọ́ Ajé, ó ní bàbá àgbà òun lòun kọ́. Mo bi í pé kí ni bàbá wí. Ó ní bàbá yọ gbogbo eyín ẹnu wọn, wọ́n kó o lé òun lọ́wọ́, wọ́n ní, ó yá, kó fọ̀ ọ́ káwọn rí i. Mo fi ìwé bojú, èjìká mi ń gbọ̀n. A kọ́ nípa irúgbìn. Ṣadé lọ gbin ẹ̀wà sísè, tòun ti epo àti ata, sínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀, torí mo ti sọ pé irúgbìn ń fẹ́ ibi tó móoru.

Lẹ́yìn náà la kọ́ nípa ohun tó rí róbótó. Mo ní kí wọ́n wá a nílé. Àwọn kan sọ ti ìdérí ìkòkò, àwọn kan sọ ti àwo. Fẹ́mi ní tòun ni àárín orí bàbá òun tó pá, àti pé òun ti fi okùn wọ̀n ọ́n yípo nígbà tí wọ́n ń sùn. Ìyẹn ì bá parí sí kíláàsì, ṣùgbọ́n atẹdùùrù a máa kẹ̀yìn sí ìjọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, mẹ́fà nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n na ìka sókè, wọ́n ń ya róbótó sínú afẹ́fẹ́. Àwọn akọrin rí wọn, ẹ̀rín sì gba orin mọ́ wọn lẹ́nu.

Ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí àwọn òbí máa wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ, kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe Ìròyìn lójú wọn. Bí kò bá tẹ́ àwọn òbí lọ́rùn, ó parí nìyẹn.

Àyà mi já. Kì í ṣe nítorí iyì mi, nítorí Ìbídùn ni. Ìbídùn, ọmọ ìyá aránṣọ kan, kò tíì sọ̀rọ̀ ní kíláàsì rí láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé wa. Kì í ṣe odi, kì í ṣe olódo. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bí Ìròyìn bá kàn án, á dìde, á wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, á tún jókòó. Àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ètè rẹ̀ ti ń mì. Ohùn ló kù. Bí wọ́n bá pa Ìròyìn rẹ́, mo mọ̀ pé ohùn náà á padà sínú.

Nígbà tó ku ọ̀la, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Aago kíkà là ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, mo ní kí wọ́n gbé orí lé tábìlì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bí gbogbo tíṣà ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe. Èmi náà gbé tèmi lé e, kí wọ́n lè rí àpẹẹrẹ. Nígbà tí mo gbójú sókè, kíláàsì parọ́rọ́, gbogbo wọn jókòó bí ọmọ gidi. Mo yìn wọ́n. Mo rí àwòrán aago kan tó wọ́ lójú pátákó, mo rò pé èmi ni mo yà á.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn òbí kún kíláàsì, Bàbá Fẹ́mi wà níwájú tòun ti fìlà. Mo ti bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má sọ ọ̀rọ̀ ilé o. Wọ́n gbọ́ràn, Ìròyìn sì tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ọ̀kan ní ògiri lòun kọ́, òmíràn ní àga lòun kọ́. Àwọn òbí ń yán, ẹnì kan tilẹ̀ ń tẹ fóònù. Ó wá kan Ìbídùn. Mo fẹ́ fò ó, kójú má bàa tì í, ṣùgbọ́n ó ti dìde. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka aago," ló wí. Ohùn náà kéré, ṣùgbọ́n ó já gaara. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn lọ́hùn-ún. "Kíláàsì wa ni mo kọ́. Nígbà tí Tíṣà gbé orí lé tábìlì lánàá, ọwọ́ gígùn wà lórí méjìlá. Nígbà tí wọ́n máa jí, ó ti dé orí mẹ́jọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sùn. Mo yà á sójú pátákó fún wọn."

Yéè, mo gbé! Ilẹ̀ ò lanu. Ọ̀gá wa wò mí, ó wo Ìbídùn, ó rántí pé nǹkan mẹ́ta inú Ìròyìn ku ẹyọ kan.

"Kí ni àwọn ọmọ wí?"

"Wọ́n ní kí n rọra máa kọ́ àwọn, kí Tíṣà má bàa jí."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Fẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà, tó ń fi í fẹ́ ara, róbótó sì ń dán lójú gbogbo ayé. Ó dìde, ó ní Ìròyìn ò gbọdọ̀ parẹ́. Bí orí tòun bá di ìwé, oorun Tíṣà náà ti di ìwé báyìí, ọ̀rọ̀ ti dọ́gba. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìbídùn ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ò mọ èyí tí mò ń ṣe. Ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì láti bá mi wí lórí oorun, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè parí rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, mo ní kí wọ́n gbé orí lé tábìlì. Gbogbo wọn gbé e lé e, àfi Ìbídùn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó gbójú sí aago ara ògiri.

"Ẹ gbé tiyín náà lé e, mà," ló wí. "Mò ń bá yín wò ó."