Erékùṣù Tí Àbúrò Rẹ̀ Kọ́kọ́ Dé

Obìnrin kan wà tó ń rán aṣọ ojú fèrèsé. Ìyá Kọ́tìnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnì kan bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn kó tó dáhùn. Yàrá ẹ̀yìn ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dojú kọ fèrèsé, tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ wà láàárín, ọ̀pá kọ́tìnì sì kún ara ògiri bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi jagun. Kò sí rédíò níbẹ̀. Bí oníbàárà bá bi í pé ṣé ìdákẹ́rọ́rọ́ yìí kì í sú u, á ní, "Aṣọ ń bá mi sọ̀rọ̀ tó."

Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì nínú ìlú. Dírẹ́bà lòun náà ń pè é, nígbà ìfẹ́ àti nígbà ìjà. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé ara wọn. Ìyá Kọ́tìnì wá ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, aṣerunlóge, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Láti kékeré ni owú àbúrò yìí ti wà lára ẹ̀gbọ́n bí ẹ̀gún tó há sí àtẹ́lẹsẹ̀: kò pa á, kò sì jẹ́ kó rìn dáadáa. Àbúrò ló kọ́kọ́ lọ́kọ. Àbúrò ló kọ́kọ́ ra mọ́tò. Bí wọ́n bá jọ wọ àárín èèyàn, àbúrò ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí, tí wọ́n á wá sọ pé, "Áà, ẹ̀gbọ́n yín náà wà níbí!"

Ó wá ṣe, àbúrò àti ọkọ rẹ̀ lọ lo ìsinmi ní erékùṣù kan tí tọmọdé tàgbà ń ròyìn rẹ̀, ibi tí oòrùn kì í wọ́n, tí ilé ìtura sì pọ̀ ju igi lọ. Nígbà tó dé, ara rẹ̀ ń dán yọ̀ọ̀. Ó jókòó sórí tábìlì ìgéṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fa fóònù yọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo omi! Orí òrùlé ni wọ́n gbé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn sí o. Tẹ́ ẹ bá wà nínú ẹ̀, ńṣe lẹ máa wo òkun nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo omi inú abọ́."

"Ó dáa," ni Ìyá Kọ́tìnì wí. Abẹ́rẹ́ ló há sáàárín ètè rẹ̀. Ká ní kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ì bá jáde.

"Ẹ̀yin náà ẹ lọ wò ó. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ó máa bá yín lára mu ṣá. Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Àbúrò sọ ọ́ tinútinú, ṣùgbọ́n etí owú kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ohun tí Ìyá Kọ́tìnì gbọ́ ni pé, "Ibẹ̀ ti ga jù yín lọ." Nígbà tí àbúrò lọ tán, ó ṣí àwọn àwòrán tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó ń fi ìka fẹ̀ wọ́n lójú, ó ń wá àbùkù. Ó wá a lójú àbúrò, kò rí i. Ó wá a lára ilé onígíláàsì, kò rí i. Níkẹyìn ó rí garawa ìdalẹ̀nù kan tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ní igun àwòrán kan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Bí ọkọ rẹ̀ ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ló ti sọ fún un pé, "Dírẹ́bà, erékùṣù yẹn la máa lọ."

Ọkọ wò ó. Wọ́n ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ pé ilé kékeré kan létí adágún làwọn máa háyà, níbi tó jẹ́ pé ẹyẹ nìkan ló ń pariwo. "Ìwọ náà kọ́ lo ní adágún lo fẹ́?"

"Mo ti yí i padà."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ ni, àbí owú ló fẹ́ lọ?"

Ìyá Kọ́tìnì gbé oúnjẹ kalẹ̀ gbàgà níwájú rẹ̀ débi tí ṣíbí fi fò kúrò lórí abọ́.

Ó wá lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì níbẹ̀ rọra ń sọ̀rọ̀ bíi dókítà.

"Màmá, kí lẹ máa ń fẹ́ ṣe tẹ́ ẹ bá wà nísinmi?"

Ìyá Kọ́tìnì lanu, gbogbo ohun tí àbúrò rẹ̀ ṣe ló tú jáde: adágún orí òrùlé, ọkọ̀ ojú omi, ijó etíkun.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ fẹ́ràn àárín èrò?"

"Ta ló fẹ́ràn èrò?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ họ orí. "Mi ò ní tàn yín. Ibẹ̀ dáa gan-an fún ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà nítòsí, tó fẹ́ èrò, tó fẹ́ orin. Àmọ́ wọ́n ti kọ́lé bo gbogbo etíkun. Ẹni tó bá ń wá ibi tó parọ́rọ́ níbẹ̀, àfi kó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìparí ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ìsinmi lẹ ń wá, màmá…"

"Ṣé torí pé sálúbàtà ni mo wọ̀ wá lẹ ṣe rò pé ibẹ̀ ti ga jù mí lọ?"

"Rárá o, màmá!"

"Ẹ bá wa gé tíkẹ́ẹ̀tì."

Bẹ́ẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe dé erékùṣù náà. Láti pápákọ̀ òfuurufú títí dé ilé ìtura, ilé ló so mọ́ ilé bí eyín ẹnu. Òkun wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ńṣe lèèyàn ń yọjú wò ó láàárín ògiri méjì, bí ẹni ń ṣòfófó. Ní etíkun, àga ìnàyìn tò gbọnrangandan, ara rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti aládùúgbò, gbohùngbohùn sì ń ké láti àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé.

Orí Ìyá Kọ́tìnì ń fọ́, àmọ́ kò sọ. Iṣẹ́ tó torí ẹ̀ wá ló ń ṣe. Gbogbo ibi tí àbúrò ti ya fọ́tò lòun náà dúró sí. Ó gun orí òrùlé, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí ọkọ òun yà á lẹ́ẹ̀kan sí i torí pé ẹ̀rín àkọ́kọ́ kò tó ti àbúrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà ni ọ̀dọ̀ Dírẹ́bà. Ọkùnrin tí kò fẹ́ wá, erékùṣù gbà á tọwọ́tẹsẹ̀! Kò pẹ́ rárá tó fi di ẹni tí gbogbo etíkun mọ̀. Ó ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù nínú iyanrìn. Ó gun ọkọ̀ ojú omi, ó já sómi gbàm̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn obìnrin kan tí wọ́n jọ wá láti ibi iṣẹ́ kan náà ń kọ́ ọ níjó, ó ń ju ìdí bí ọmọ ogún ọdún. Ìyá Kọ́tìnì jókòó lábẹ́ agboòrùn, ó ń wò wọ́n. Owú àbúrò tó gbé wá láti ilé ti wá bímọ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fọwọ́ nu iyanrìn kúrò lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, Ìyá Kọ́tìnì dìde, ó ní àwọn ń padà sí yàrá.

Bí wọ́n ti wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ kúkú máa bá wọn lọ sílé wọn."

"Ta ni?"

"Ẹ mọ àwọn tí mò ń wí. Ẹ wá di ọ̀dọ́!"

Ọkọ rẹ̀ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, iyanrìn ń dà sílẹ̀ lára rẹ̀. Kò gbóhùn sókè. "Mo pè ọ́ síjó, o ò wá. Mo pè ọ́ sínú omi, o ní kí n ya fọ́tò. Láti ọjọ́ tá a ti dé, àbúrò rẹ lò ń bá ṣeré, kì í ṣe èmi."

Ìyá Kọ́tìnì dojú kọ fèrèsé. Ó rí i pé wọ́n rán kọ́tìnì ibẹ̀ ségesège, kò tilẹ̀ wù ú láti bú aránṣọ. Ó wí pé, "Owú ló ń jẹ mí. Ó sì ti rẹ̀ mí."

Ní òwúrọ̀ wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìparí ọ̀nà. Ilé ń dín kù, ó ń dín kù, títí ó fi ku òkúta, koríko àti òkun tí ẹnikẹ́ni kò fi ògiri bò. Ìyá Kọ́tìnì bọ́ sálúbàtà, ó jókòó sórí òkúta, èjìká rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n já lórí ọ̀pá. Kò ya fọ́tò kankan.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí. "Kí la ń wò gan-an?"

"A ò wo nǹkan kan."

"Ṣé á pẹ́ ká tó wò ó tán?"

Ẹ̀rín pa obìnrin náà débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà fún ara wọn pé èyí wù mí kò wù ọ́, kì í ṣe ìjà. Ẹni tó ń dá jókòó ti aṣọ láti àárọ̀ ló ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń gbé èrò káàkiri ìlú ni èrò kì í sú.

Nígbà tí wọ́n délé, àbúrò sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?"

"Ibẹ̀ dáa. Kò bá mi lára mu."

"Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?"

Inú tún bí Ìyá Kọ́tìnì díẹ̀, torí pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Nígbà tí ìsinmi tún yí po, Dírẹ́bà bá àbúrò ìyàwó rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ padà sí erékùṣù. Ìyá Kọ́tìnì nìkan ló lọ sí ilé etí adágún. Ó ń jí nígbà tó bá wù ú. Ó ń jókòó lórí àga onígi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ká omi kó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fọ́tò wọlé: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú omi, ọkọ rẹ̀ láàárín, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní ìyàwó nílé. Ó wù ú kó wà níbẹ̀, fún bí ìgbà téèyàn fi ń mu ife omi kan.

Fóònù dún. Dírẹ́bà ni, orin ń hó gèè lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ibẹ̀ ò tíì sú ọ?"

"Kò tíì sú mi."

"Ṣé owú ò jẹ ọ́?"

"Ó ń jẹ mí dáadáa," ni Ìyá Kọ́tìnì wí. "Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ẹ máa gbádùn."

Ó pa fóònù, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sínú oòrùn.