Ìlérí Tí Mo Ṣe fún Dánútà, Ọmọ Pólándì

Ní àwọn ọdún tí wọ́n ń wó àwọn ilé gogoro Elephant and Castle ní London lulẹ̀, tí àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ ń wá yàrá káàkiri Peckham àti Stockwell, ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ilé ìwòsàn là ń fọ̀ níbẹ̀: aṣọ dókítà, aṣọ abiyamọ, aṣọ tí ẹlòmíràn kú sínú rẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà la pọ̀ jù, àwọn obìnrin Pólándì ló tẹ̀lé wa. Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún àwọn ènìyàn wa. Dánútà ni aṣojú àwọn tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ máa ń bi mí ní gbọ̀ngàn mọ́ṣáláṣí pé ìjà wo la jà rí ní London yìí, mo ti sọ àwọn tí a borí fún yín. Èyí ni mi ò tíì sọ.

Dánútà jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́wàá, Aunty ni mo sì ń pè é. Brockley ni wọ́n bí i sí, bí wọ́n ṣe bí ẹ̀yin náà síbí, ṣùgbọ́n ó ń sọ èdè wọn bí ẹni tó dé lánàá. Tí Ramadan bá dé, yóò fi aṣọ bo fúláàsì tíì rẹ̀ tó bá ń kọjá lọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kan, a bá ìwé lára ògiri ibi ìjẹun. Wọ́n ní kí gbogbo wa fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì tuntun. Kò ní sí ṣíìfù pàtó fún ẹnikẹ́ni mọ́. Tí iṣẹ́ bá wà, wọ́n á pè wá; tí kò bá sí, ká jókòó sílé. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa lọ.

Àwa àti àwọn ọmọ Pólándì pèpàdé, a sì fẹnu kò pé a ó daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa ń kùn. Sìdíkátù, ọ̀dọ́bìnrin tí a jọ ń ká aṣọ, ló sọ ọ́ jáde.

"Uncle Múfù, òyìnbó ni àwọn wọ̀nyí o. Òyìnbó kì í bá òyìnbó jà nítorí wa. Wọ́n á fi wá sílẹ̀."

Dánútà bi mí ohun tó sọ. Mo sọ ọ́ fún un. Ó fa àga, ó jókòó ti Sìdíkátù.

"Òyìnbó kì í bá òyìnbó jà? Jẹ́ kí n sọ tiwa fún ẹ."

Ó ní láyé àwọn baba ńlá òun, ọba mẹ́ta ló yí Pólándì ká: ti Rọ́ṣíà, ti àwọn Jámánì àti ti Ọ́síríà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń figa gbága, ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n bá ara wọn jà, wọ́n pín Pólándì bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pín in, títí kò fi ku nǹkan kan. Fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Pólándì nínú máàpù ayé. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní tú àwọn ọba náà ká ni ó tó padà. Bí ogún ọdún péré ló lò, Jámánì ya wọlé láti ìwọ̀-oòrùn, Rọ́ṣíà sì ya wọlé láti ìlà-oòrùn.

"Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti ṣèlérí pé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn wá, àwọn á wá," ni Dánútà wí. "Wọ́n kéde ogun lóòótọ́. Bàbá mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wojú ọ̀run, wọ́n ń retí bàálù Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò rí ọ̀kan."

Àwọn ará Rọ́ṣíà kó ọmọ náà, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin sínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ń kó màlúù, ó di inú igbó yìnyín. Àbúrò náà kú síbẹ̀. Nígbà tí Jámánì yíjú sí Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀, Rọ́ṣíà dá wọn sílẹ̀. Bàbá Dánútà gba ilẹ̀ Páṣíà wọ iṣẹ́ ológun, òun àti Gẹ̀ẹ́sì sì jọ gbógun ti Jámánì ní Ítálì. Nígbà tí ogun parí, àwọn alágbára mẹ́ta, Rọ́ṣíà, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, jókòó sídìí tábìlì, wọ́n sún ààlà Pólándì bí ẹni ń sún àga. Ìlú bàbá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Kò nílé tó lè padà sí mọ́. Ó wá sí Brockley, ó ń ṣe búrẹ́dì títí ó fi kú.

"Lọ́jọ́ tí London ń yan fún ìṣẹ́gun," ó ní, "wọn ò pe àwọn ọmọ ogun wa; ẹ̀gbẹ́ títì ni bàbá mi dúró sí tó ń wòran."

Sìdíkátù mí kanlẹ̀. "Òyìnbó ló ṣe èyí fún òyìnbó?"

Èmi náà sọ tèmi. Lẹ́bàá Ìmẹ̀kọ, níbi tí wọ́n ti bí ìyá mi, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sáàárín àwa tá a jọ ń sọ èdè kan náà. Ilé ìyá ìyá mi bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oko rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Títí ó fi kú, ó ní láti bẹ aṣọ́bodè kó tó lè lọ wa iṣu ara rẹ̀.

Dánútà di ọwọ́ mi mú. "Ó yé ẹ nígbà náà. Múfù, ẹ ò ní fi wá sílẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú?"

"Aunty, kí ẹ tó dé ẹnu géètì, a ó ti wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, máníjà pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Àwọn ọmọ Pólándì ò nílò fíísà," ó ní. "Àwọn ènìyàn tìrẹ ńkọ́? Bí Home Office bá ní kí n kó ìwé ìgbélùú gbogbo wọn jáde lọ́la, mélòó ló máa ṣẹ́kù?"

 Sìdíkátù, tí ìwé rẹ̀ ò pé, ni mo ń rò. Máníjà ní bí a bá wọlé ní Ọjọ́rú, ẹnì kan ò ní fọwọ́ kan ṣíìfù wa, ẹnì kan ò sì ní bi wá ní ìwé. Ó ní àwọn Pólándì kúkú ti fọwọ́ sí tiwọn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo yàn láti gbà á gbọ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Èmi ni mo lanu.

Mo pe àwọn ènìyàn wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n wá síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́rú. Mi ò pe Dánútà. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo dojú fóònù dé.

Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú. Géètì ẹ̀yìn la gbà wọlé. Láti ojú fèrèsé òkè, mo rí Dánútà àti àwọn obìnrin mọ́kànlá, pátákó wọn ti rin gbingbin. Bí bọ́ọ̀sì bá ti dúró, Dánútà á rìn síwájú díẹ̀, á wo ojú àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, á sì padà sáàyè rẹ̀. Sìdíkátù wá dúró tì mí.

"Uncle, wọ́n ń retí wa."

 Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Wọ́n lé àwọn méjèèjìlá lọ́sẹ̀ náà. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó: kí Ramadan tó tún dé, wọ́n gbé kọ́ńtíráàtì yẹn kan náà síwájú àwa. Kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu géètì fún wa. Wọ́n sì bi wá ní ìwé náà. Láti ọjọ́ náà, Sìdíkátù ò padà síbi iṣẹ́ mọ́. Mo gbọ́ pé ó ti wà ní Ìsẹ́yìn.

Ìgbà náà ni mo tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Brockley. Dánútà ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n jókòó ní kíṣìnì.

"Aunty, ẹ foríjì mí. Mo rò pé mò ń gba àwọn ènìyàn mi là ni."

"Gbogbo ẹni tó tà wá rí ló ní ènìyàn tó ń gbà là, Múfù."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún tán.

"Èmi lè dárí jì ẹ́," ó wí. "Mi ò lè bá àwọn mọ́kànlá yòókù ṣe é. Lọ bá wọn."

Méjì péré ni mo rí. Ọ̀kan gba ọwọ́ tí mo nà sí i, èkejì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Lẹ́yìn ìbò tí Gẹ̀ẹ́sì fi jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, tí àwọn kan ń pariwo lé àwọn ọmọ Pólándì lórí ní títì pé kí wọ́n máa lọ sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ lóòótọ́. Dánútà náà ti kú. Ó ti wọlẹ̀ tán kí n tó gbọ́.

Kí la jèrè? Níbi iṣẹ́ tí mo lọ lẹ́yìn náà, mi ò bá máníjà kankan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì mọ́, a sì borí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ìyẹn síwájú obìnrin mẹ́sàn-án tí mo mọ ojú wọn, tí mi ò mọ ibi tí wọ́n wà. Gbèsè wọn ṣì wà lọ́rùn mi.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi Ràmọ́tà, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan, ti ibi iṣẹ́ dé.

"Daddy, wọ́n ní àwa tá a ní British passport, ká wá meeting tiwa separate. Wọ́n ní àwọn Romanian ti sign new contract already."

Mo ní kó jókòó. Mo sọ gbogbo èyí fún un, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ nínú ilé mi.

"So, Daddy, ẹ just ń wò wọ́n láti window?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò tù mí nínú. Ó mú fóònù rẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe obìnrin Romanian kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ tó ń bi í bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí nǹkan kan lóòótọ́. Ìbéèrè tí èmi ò bi Dánútà lọ́jọ́ Ajé yẹn, kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan.