Apá Àárín Tó Lọ sí Àjàṣẹ́

Àwa mẹ́ta la dáwó ra ìwé náà, ìwé kan ṣoṣo sì ni. Ọkọ̀ òkun ló gbé e wá láti ìlú òyìnbó, ó nípọn bíi búrẹ́dì. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ti àwọn tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ ni, tí wọ́n wá fẹ́ gbọ́ ọ yékéyéké. A gbà pé àwa ni wọ́n ń bá wí. Tíṣà tí kò níwèé ẹ̀rí ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gberefu, láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Imeke, èkejì wà nínú ìlú Àgbádárìgì gan-an. Ìjọba ti wí pé tíṣà tí kò bá yege nínú ìdánwò ọdún náà, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Ní Gberefu, iṣẹ́ mìíràn ni ẹja pípa. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ apẹja ti gbé mi wọ ọkọ̀ rí, nígbà tí a padà dé èbúté, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀.

Nítorí pé ibùgbé wa jìnnà síra, ọ̀rẹ́ wa ti inú ìlú dá a lábàá pé kí a gé ìwé náà sí mẹ́ta. A gbé e lọ bá oníbàtà. Ó bi wá bóyá ìwé náà ṣẹ̀ wá ni, lẹ́yìn náà ó fi ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ là á, ó sì fi okùn àwọ̀n rán apá kọ̀ọ̀kan. Apá àkọ́kọ́ ń kọ́ni ní lẹ́tà kíkọ. Apá kẹta kún fún ìtàn gígùn nípa ojú ọjọ́ ìlú wọn. Apá àárín ló le jù: wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ gígùn kalẹ̀, wọ́n á ní kéèyàn gé e kúrú láìjẹ́ kí kókó rẹ̀ sọnù. Ibẹ̀ sì ni máàkì pọ̀ sí jù. Lọ́jọ́ ọjà, a máa ń pàdé létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, a ó pààrọ̀ apá tó wà lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí ìdánwò ku oṣù méjì, ọ̀rẹ́ wa ará Imeke kò wá sí ọjà. Ọjọ́ ọjà kejì, a kò rí i. A lọ sílé rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì sọ fún wa pé ó ti lọ sí Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Faransé, kò sì sọ ìgbà tí òun ń bọ̀. Apá àárín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ṣe ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, àwa méjì sì ti máa ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ọ̀rẹ́ mi ti inú ìlú kò fún un láyè, nítorí náà èmi ni mo lọ.

Inú ń bí mi gan-an. Nínú ọkọ̀, mo ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi bú u. Inú apá àkọ́kọ́ ni mo ti mú un, lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí télọ̀ tó ba kóòtù rẹ̀ jẹ́. Mo yọ télọ̀ kúrò, mo fi orúkọ ọ̀rẹ́ mi síbẹ̀.

Kò ṣòro láti rí i ní Àjàṣẹ́. Mo béèrè ará Àgbádárìgì kan, wọ́n ní ṣé Tíṣà ni. Abẹ́ igi máńgòrò kan ni mo bá a, òun àti àwọn èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì: ìyá aláṣọ kan, awakọ̀ méjì, káfíńtà àgbàlagbà kan, àwọn tó fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti máa ná ọjà Èkó. Ó rí mi, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó sọ fún wọn ní èdè Ègùn pé ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ní Àgbádárìgì ló dé yìí, kí wọ́n sún fún un. Wọ́n sún. Gbogbo wọn ń wò mí, mo bá jókòó.

Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ìyá yín rán yín sí àbúrò rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀sà. Ó ní ẹ sọ fún un pé òrùlé ń jò, pé ẹsẹ̀ ń dun òun, pé ewúrẹ́ ti bímọ, pé kó wá síbi ìsìnkú lọ́la, kó mú aṣọ funfun dání. Ẹ dé etí omi, ọkọ̀ ti ṣí. Ẹ rí ẹni tí ẹ mọ̀ nínú rẹ̀. Kí lẹ máa pariwo sí i?”

Ìyá aláṣọ ní, “Kó wá sìnkú lọ́la, kó mú aṣọ funfun.”

“Òrùlé tó ń jò ńkọ́?”

“Tó bá dé, òjò á sọ fún un.”

Ó wá ka ọ̀rọ̀ gígùn kan nípa ọkọ̀ ojú irin jáde látorí, ní Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe wà nínú apá àárín láìyẹ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní kí wọ́n pariwo rẹ̀ sí ọkọ̀. Wọ́n pariwo rẹ̀, kókó rẹ̀ kò sì sọnù. Èmi náà ti ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n ka iye ìlà rẹ̀, kí n mú ìlà kan nínú mẹ́ta mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n tú ká, ó gbé apá àárín fún mi.

“Máa mú un lọ. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí.”

“Kí ló dé tí o ò wá ṣe ìdánwò?”

“Tí mo bá ti rí bébà wọn, gbogbo ohun tí mo mọ̀ á fò lọ. Níbí, kò sẹ́ni tó ń fún mi ní máàkì.”

Mi ò rántí télọ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, láàárín awakọ̀ àti káfíńtà, mo ń pariwo bíi tiwọn.

Mo yege. Òyìnbó olùbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pè mí, ó ní nínú gbogbo bébà tó wà níwájú òun, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ gé bíi tèmi. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ro ti abẹ́ igi máńgòrò. Mo ro ti ẹni tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Èmi ni mo kọ́ ara mi, sà.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú tì mí kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò padà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá ọ̀rẹ́ mi ránṣẹ́ sí mi láti Imeke pé kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí ní Àjàṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ ti Imeke dé Àgbádárìgì, kó sì dé etí olùbẹ̀wò, ìwé ẹ̀rí mi kò sì tíì dé ọwọ́ mi.

“Iṣẹ́ kí ló ń ṣe níbẹ̀?”

“Ó ń ṣòwò díẹ̀díẹ̀, mà.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti ń sọ fún un tipẹ́ pé orí ẹ̀ ò gbàwé. Kì í ṣe bíi tiyín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni mo wí. Ó bu ẹja fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.