Ẹni Tó Di Okùn Mú

Gbogbo ẹni tó bá sá kúrò l'Ékòó wá kọ́lé sí Mowe ló ń gbẹ́ kànga, nítorí omi ẹ̀rọ ìjọba kò mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa. Kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè Ṣàràfá. Ọmọ Ìfọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń gbẹ́ kànga káàkiri Mowe àti Ibafo, débi pé kò sí òpópónà kan tí èèyàn máa gbà tí kò ní rí kànga rẹ̀. Èèyàn kúkúrú ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, ògiri kan ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. "Ọ̀gá Ìsàlẹ̀" ni mo máa ń pè é. Tí mo bá ní, "Ọ̀gá Ìsàlẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ ńkọ́?" á ní, "Ìyá Ṣẹ̀yẹ, wọ́n ní kí n kí yín o."

Iṣẹ́ ẹni méjì ni iṣẹ́ kànga. Ẹnì kan á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú dígà àti ṣọ́bìrì, ẹnì kejì á wà lókè, á máa fi okùn fa garawa tó kún fún erùpẹ̀ àti òkúta. Ṣàràfá ló máa ń wọlẹ̀. Mùíbì, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan, ló máa ń di okùn mú. Òfin kan wà tí wọ́n bá lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́: ẹni tó ń wọlẹ̀ lè mu ọtí, ṣùgbọ́n ẹni tó di okùn mú kò gbọ́dọ̀ fi kan ẹnu, láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí ẹnì kejì wà.

Kí ẹ má rò pé ọ̀mùtí ni wọ́n bí Ṣàràfá o. Ilé ìmàle ni wọ́n ti tọ́ ọ, bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìgò ọtí kọjá ẹnu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ kànga jíjìn, erùpẹ̀ já lára ògiri, ó bò ó dé orúnkún. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní òun kò padà síbẹ̀ mọ́ láéláé. Ọ̀gá rẹ̀ bu ògógóró fún un, ó ní, "Gbé e mì. Ẹ̀rù ò ní bà ẹ́ mọ́." Ó gbé e mì, ẹ̀rù lọ lóòótọ́, ó sì padà sísàlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ìsàlẹ̀ yẹn tutù, ó ṣókùnkùn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó mí. Kò sí akoto lórí, kò sí àkàbà, kò sí ohunkóhun tó máa gba èèyàn sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ya. Ọtí nìkan ni àwọn onílé ń rà fún un láìjiyàn. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Onílé tó jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu bíà lójú òun, á kówó sílẹ̀, á ní, "Ẹ fi ra nǹkan tẹ́ ẹ máa ń lò yẹn." Kò ní dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Ṣàràfá bá ní kó bá òun ra akoto, á ní ìnáwó pọ̀ nílẹ̀, á sì kọjú síbòmíì. Ẹ̀mí ẹni tó ń gbẹ́ kànga kò ká wọn lára, omi ni wọ́n ń wá.

Ọtí iṣẹ́ wá di ọtí ilé. Ó kọ́kọ́ ń mu ún kó tó wọlẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń mu ún tó bá jáde, kí òtútù lè kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di pé kó tó fọ ẹnu láàárọ̀ ló ti máa ya ọ̀rá ọtí kan. Tí kò bá tíì mu ún, ife tíì kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá mu ún tán, ọwọ́ rẹ̀ á rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Gbogbo wa là ń rí i, a sì kà á sí ìwà ọ̀mùtí lásán.

Àjíbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe mí láàánú. Ilé ìwé aládàáni kan lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà ló ti ń gbálẹ̀. Kì í pariwo. Tó bá ti bẹ ọkọ rẹ̀ títí tí kò gbọ́, á wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, á máa ṣa òwú tó já sílẹ̀. Á ní, "Ìyá Ṣẹ̀yẹ, ẹ̀rù ń bà mí. Ọkùnrin yìí máa yó lọ́jọ́ kan, á sì jábọ́ síbẹ̀." Kò ní àdúrà méjì. Kí wọ́n má ṣáà fa òkú ọkọ òun jáde nínú kànga ọlọ́kànga.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, wọ́n gba iṣẹ́ kànga kan ní Ibafo lọ́wọ́ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Dáraolúwa. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, òkúta ló kún inú rẹ̀. Ikọ́ ti ń yọ Ṣàràfá lẹ́nu nígbà náà. Lọ́jọ́ kan tó ń gùn bọ̀ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lára ògiri kànga. Ọpẹ́lọpẹ́ okùn tó so mọ́ ìdí, àti Mùíbì tí kò jẹ́ kí okùn bọ́. Nírọ̀lẹ́, Mùíbì yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó bá Àjíbíkẹ́ níbẹ̀.

"Àǹtí, ọkàn mi já lónìí o," ló wí. "Bọ̀ọ̀dá ò strong mọ́. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ."

Àjíbíkẹ́ fi òwú tó ń ṣa sílẹ̀, ó kọjú sí Mùíbì. Ó wá ní, "Bàbá Títí, ẹ ò ṣe jọ pààrọ̀? Ẹ̀yin ẹ máa wọlẹ̀, kí òun máa di okùn mú. Tó bá ti jẹ́ òun ló di okùn mú, kò ní lè mu ọtí. Ẹ̀mí yín ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì jẹ́ fìyẹn ṣeré láyé."

Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní ọgbọ́n wà lórí obìnrin yìí. Mùíbì kò fẹ́ràn ìsàlẹ̀ rárá, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Kò sí wàhálà. Màá ṣe bísímílà, màá wọlẹ̀."

Mo rò pé Ṣàràfá máa bínú nígbà tí wọ́n sọ fún un. Kò bínú. Ó kó àwọn ọ̀rá ọtí tó wà lápò rẹ̀ jáde, ó kó wọn lé Àjíbíkẹ́ lọ́wọ́. "Tó bá jẹ́ pé Mùíbì ló máa wà nísàlẹ̀," ó ní, "nǹkan yìí ò ní kàn mí lẹ́nu mọ́." Àjíbíkẹ́ da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. Ó ra ẹja tútù, ó se ọbẹ̀ tó ń ta sánsán kọjá ògiri wá bá mi. Mo gbọ́ tó ń kọrin. N kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kìíní lọ bẹ́ẹ̀. Òógùn ń bo Ṣàràfá, kò sì lè jẹun, ṣùgbọ́n ó fa garawa títí iṣẹ́ fi parí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé Àjíbíkẹ́ ló bá a de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹ fara dà á, ara yín ló ń lé ọtí yẹn jáde." Bí wọ́n ṣe ń lọ, Ṣàràfá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Ìyá Ṣẹ̀yẹ, ẹ lé ewúrẹ́ yẹn kúrò, ó fẹ́ jẹ aṣọ oníbàárà yín." Kò sí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀. Aláwàdà ni tẹ́lẹ̀, nítorí náà a rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ọláwuyì, bíríkìlà tó ń po sìmẹ́ńtì lórí ilẹ̀ náà, ló sọ ìyókù fún wa. Ó ní Bàbá Dáraolúwa fi ọtí inú ọ̀rá ránṣẹ́ bó ti máa ń ṣe, Ṣàràfá kò sì fọwọ́ kàn án, ó wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá kànga. Nígbà tí Ọláwuyì rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń jó lára okùn, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ mu díẹ̀ jàre, kọ́wọ́ yín lè dúró."

Ṣàràfá mi orí. "Àbúrò mi wà nísàlẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà, garawa kan kún fún òkúta, ó fà á dé ìtòsí ẹnu kànga. Lójijì ni gbogbo ara rẹ̀ le gan-an, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì ṣubú sẹ́yìn bí ẹni tí wárápá gbé. Ọláwuyì sáré mú okùn, ṣùgbọ́n okùn ti lọ. Garawa náà padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo òkúta inú rẹ̀. Ó ní òun pe Mùíbì títí tí ohùn òun fi há.

A sin Mùíbì ní Ìfọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣàràfá kò mọ̀, ilé ìwòsàn ló wà. Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ṣé Mùíbì ti jáde?" Àjíbíkẹ́ bú sẹ́kún, ibẹ̀ ni Ṣàràfá ti mọ èsì ìbéèrè rẹ̀. Ní tàwọn ará àdúgbò, wọn kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n rí ọtí lẹ́bàá kànga, wọ́n sì mọ ẹni tí Ṣàràfá jẹ́. Bàbá Dáraolúwa sọ fún ọlọ́pàá pé ọkùnrin náà ti yó. Mo fẹ́ gbá a létí.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Tolúwalọpẹ́ pe Àjíbíkẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi náà tẹ̀ lé e. Ó ní, "Mummy, ìgbà wo ni Daddy mu ọtí kẹ́yìn?"

"Ó ti fi sílẹ̀," ni Àjíbíkẹ́ wí. "Ó ti pé ọjọ́ méjì kó tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. "Ma, ẹni tó bá ti ń mu ún lójoojúmọ́ látọjọ́ yìí, kì í dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ara wọn ti gbára lé e. Ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá, oògùn wà tí wọ́n fi ń ṣe é. Àìmu ẹ̀ lójijì ló gbé wọn ṣubú yẹn."

Àjíbíkẹ́ wò ó. "Tó bá ti mu díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣàràfá ń wò wá láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ̀ pé ó gbọ́.

Ó ti padà sílé báyìí. Oògùn tí wọ́n kó fún un ti tán, ó sì ti padà sídìí ọtí. Kò sẹ́ni tó ń pè é wá gbẹ́ kànga mọ́. Ńṣe ló ń jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. N kò pè é ní Ọ̀gá Ìsàlẹ̀ mọ́, n kò mọ ohun tí mo lè pè é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìbíwùnmí, ìyàwó Mùíbì, wá láti Ìfọ̀. Ó mú Ọmọ́títí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ kí Ṣàràfá bó ti máa ń kí i tẹ́lẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, oríṣiríṣi ni mo ń gbọ́. Bíríkìlà yẹn ní ẹ ò mu ọtí lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó kù ní ẹ yó. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́nu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣé ẹ mu ún ni, àbí ẹ ò mu ún? Tí ẹ ò bá mu ún, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi?"

Mo dá ẹ̀rọ mi dúró. Àjíbíkẹ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di férémù mú, ó ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ṣàràfá gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

Ó wá yíjú sí Ìbíwùnmí. "Mo mu ún," ó ní. "Mo yó."

Ìbíwùnmí dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó sì jáde lọ. Àjíbíkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, kò sì pè é padà.