Ṣúgà Mai Runyararo

Ẹni tó bá ń wá ìjà Mai Runyararo nígbà náà, kó ṣáà ní ìjọba ń purọ́. Opó ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Chivavaya, lójú ọ̀nà Masvingo, ọmọ ẹgbẹ́ ìjọba paraku sì ni.

Nígbà tí ọjà gbówó lórí, tí owó Zimbabwe di ewé, ìjọba tó ba owó jẹ́ ní olè làwọn oníṣọ́ọ̀bù. Wọ́n pàṣẹ kí kálukú máa ta ọjà rẹ̀ ní ìdajì iye. Àwọn yòókù ń fẹsẹ̀ falẹ̀. VaMuzvidzi, alága ẹgbẹ́ ní Chivavaya, bá wá bá a.

"Mai Runyararo, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe é, kójú ti àwọn alágídí. Ọ̀dọ̀ yín nìjọba máa kọ́kọ́ já ọjà tuntun sí. Ọkọ̀ ti wà lọ́nà."

"Ṣó dá yín lójú, Alága?"

"Ṣé èmi ni mo máa wá purọ́ fún yín?"

Ó gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, èrò ya bo ṣọ́ọ̀bù. Alága ló kó gbogbo ṣúgà, àpò lórí àpò. Ọṣẹ, òróró, ìyẹ̀fun àgbàdo, àwọn aládùúgbò kó wọn tán pátápátá, wọ́n tún nawọ́.

"Mai Runyararo, ènì wa dà? Ẹ má torí ìjọba di ahun o!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ẹja wẹ́wẹ́ fún wọn. Ṣebí ọkọ̀ ń bọ̀.

Ọkọ̀ kò dé. Oṣù ń wọlé, oṣù ń jáde, ó ń gbá ṣọ́ọ̀bù òfìfo, ó ń jókòó kọjú sí títì. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé atẹ́gùn ló ń tà, á ní epo ọkọ̀ ni kò sí, ìjọba kò gbàgbé òun.

Àfìgbà tí Runyararo, ọmọbìnrin rẹ̀, bímọ, tí àwọn àna ní àwọn ń bọ̀ wá wo ọmọ. Tíì láìsí ṣúgà fún àna? Ẹ̀tẹ́ gbáà ni. Wọ́n ní ṣúgà wà lẹ́yìnkùlé alága. Ó débẹ̀, ó rí àpò tirẹ̀ gan-an, iye tí wọ́n pè é sì ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ.

"Alága, ṣúgà tí mo tà fún yín nìyí. Òfin ní ìdajì."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣòfin yẹn fún, Mai Runyararo. Èmi ò ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ọkọ̀ tẹ́ ẹ ní ó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ọkọ̀ wo?"

Ìyẹn ló dùn ún wọra. Irọ́ tó tìtorí rẹ̀ kó gbogbo ọjà rẹ̀ dànù, ẹni tó pa á kò tiẹ̀ rántí mọ́. Ó ka owó sílẹ̀. Ìyàwó alága ní àwọn kì í gba owó bébà, kó mú adìyẹ mẹ́ta wá. Ó lọ mú adìyẹ wá.

Àwọn àna dé, wọ́n mu tíì, wọ́n mi orí.

"Ẹ̀yin ará Chivavaya mà rọ́wọ́ mú o! Ẹ rí i bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó! Ìjọba rántí yín."

"Ìjọba kẹ̀?" ni Mai Runyararo wí. "Ẹ rọra mu ún, àna mi. Adìyẹ mi mẹ́ta lẹ ń mu yẹn."